Mọ́nítọ̀ tó ṣì ń kọ “No Signal” kò tíì kú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo ní desktop tokunbo kan tí mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ ṣàdédé máa ń di elése àlùkò. Tí mo bá ti mi wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, á padà sípò. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà náà, tí mo bá tan án, fáànù á máa yí, mọ́nítọ̀ á kọ “No Signal”, á wá ṣú dùdù, iná kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di àwọ̀ ọsàn. Ọmọ aládùúgbò wa tó mọ kọ̀ǹpútà tú u, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó tò ó padà, kò sí àyípadà. Ó ní mọ́nítọ̀ ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó tí ẹ ò tíì ná. Ẹ má rà á.

Mọ́nítọ̀ yín ń sọ̀rọ̀, òkú kì í sì í sọ̀rọ̀. Kó tó lè kọ “No Signal” sójú ara rẹ̀, iná gbọ́dọ̀ ti wọ inú rẹ̀, bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jí, iná ẹ̀yìn gíláàsì gbọ́dọ̀ ti tàn, gíláàsì náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè gbé lẹ́tà jáde. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rà á fún náà nìyẹn. Ohun tó ń wí ni pé òun ti múra tán, òun ń retí, ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí òun. Iná àwọ̀ ọsàn yẹn kò yàtọ̀ sí èyí: ó rí i pé kò sí iṣẹ́, ó bá lọ sùn.

Ẹ má bá ọmọ aládùúgbò yẹn jà. Èmi tí mo ń kọ èyí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé mọ́nítọ̀ oníbàárà kan lé ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà n’Ìkẹjà, pé kí wọ́n bá mi wá irú rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kò tiẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́ nídìí, mọ́nítọ̀ tàn yòò. Kò rẹ́rìn-ín o. Ó kàn na wáyà náà sí mi, ó ní kí n san owó rẹ̀. Owó ọkọ̀ mi ju owó wáyà lọ.

Ẹni mẹ́ta ló ń jẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ desktop: àpótí (èyí tí gbogbo wa ń pè ní CPU), wáyà, àti mọ́nítọ̀. Èyí tó wà lójú wa la máa ń dá lẹ́bi, torí òun la rí tó dúdú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ ti fún mi ní ẹ̀rí kan láìmọ̀: elése àlùkò. Ó dá mi lójú pé wáyà VGA lẹ ń lò, èyí tí orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aró, tó ní nọ́ọ̀tì kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń fọwọ́ yí. Kọ̀ǹpútà PS/2 ti IBM ló gbé e jáde ní 1987, kò sì tíì kúrò nílé wa títí dòní. Àwọ̀ mẹ́ta ló ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú okùn tirẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé, àti aró. Tí ẹ bá tú orí rẹ̀, ẹ ó rí àwọn eyín tó tò ní ìlà mẹ́ta, ààyè márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 15 lápapọ̀. Ní ìlà àkọ́kọ́, eyín kìíní ń gbé pupa, ìkejì ń gbé ewé, ìkẹta ń gbé aró. Tí okùn ewé bá já, pupa àti aró nìkan ló ń dé ojú mọ́nítọ̀. Ẹ po àwọn méjèèjì pọ̀, elése àlùkò ni. Ká ní pupa ló já ni, ojú ì bá dà bí omi òkun. Ká ní aró ni, gbogbo ohun tó yẹ kó funfun ì bá pọ́n rúsúrúsú bíi gààrí elépo. Pé ẹ mi wáyà tí àwọ̀ fi padà túmọ̀ sí pé okùn kan nínú rẹ̀ ń já, ó ń kan ara rẹ̀ padà, tàbí pé orí rẹ̀ kò jókòó dáadáa.

Nítorí náà mo ti mọ ẹni tí mo fura sí. Ṣùgbọ́n ìfura lásán ni, nítorí pé okùn ewé tó já kò lè mú “No Signal” wá. Àwọn tó ń sọ fún mọ́nítọ̀ pé àwòrán ti dé, pé ibí ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni ojú ìwé ti parí, ni eyín 13 àti 14, nínú ìlà tó kẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fa wáyà náà sókè sódò nígbà tí wọ́n ń tú kọ̀ǹpútà, àwọn yẹn náà já. Ó sì lè jẹ́ pé wáyà kò mọ̀ rárá, pé iná tó lọ tó bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló ṣe àpótí léṣe. A lè mọ èyí tó jẹ́ láìná kọ́bọ̀.

Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún lókè, ẹ tẹ Num Lock. Ẹ tún un tẹ̀. Tí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àpótí ti jí. Ó ṣeé ṣe kí Windows ti ṣí, kó máa retí yín nínú òkùnkùn. Tí iná náà kò bá yí padà rárá, tàbí tí kò tiẹ̀ tàn, àpótí kò jí. (Kíbọ́ọ̀dù kan wà tí kò ní iná yìí, pàápàá èyí tí kò ní wáyà. Ẹ yá ti ẹlòmíràn.) Ẹ má fi ti fáànù ṣe. Fáànù á máa yí níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kódà bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò ronú kan ohunkóhun.

Ká sọ pé Num Lock dáhùn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tú orí wáyà VGA lójú méjèèjì, ti àpótí àti ti mọ́nítọ̀ (ẹ óò rí mọ́nítọ̀ kan tí wáyà ti so mọ́ ara rẹ̀ látinú, tí kò ṣeé tú, tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀). Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣé eyín kan ti tẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń tì í bọ ihò lójú òkùnkùn lábẹ́ tábìlì, eyín kan máa ń ṣubú lu ìkejì. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi ń gbé e dìde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, á kán. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já tí ẹ bá rí ààyè kan tó ṣófo nínú ìlà kejì. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wáyà ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó torí ààyè yẹn da wáyà tó dára nù.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wáyà mìíràn. Ẹ ní ẹ ń bá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀wé: ẹ lọ bá ẹni tó ń bójú tó projector wọn, ẹ yá wáyà VGA fún wákàtí kan. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní projector ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ fi í dípò, ẹ yí nọ́ọ̀tì méjèèjì le, ẹ tan án.

Kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí dáadáa, nítorí ọmọ tó tú u tó tún un tò lè ti ṣe àṣìṣe kan tí mo máa ń bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Ihò àwòrán méjì lè wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà lókè, ní àárín àwọn ihò USB àti ti ohùn. Bọ́ọ̀dù ńlá inú àpótí fúnra rẹ̀ ló ni ín. Èkejì wà nísàlẹ̀, lára páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè. Káàdì àwòrán, pátákó tí wọ́n fi kún bọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ àwòrán, ló ni ìyẹn. Tí káàdì bá wà nínú àpótí, ti káàdì ni kí ẹ lò, nítorí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń pa ihò ti òkè tì tí wọ́n bá ti rí káàdì. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi ọmọrí rọ́bà bò ó. Ẹni tí kò mọ̀ á yọ ọmọrí náà, á ki wáyà bọ̀ ọ́, á wá ní mọ́nítọ̀ ti kú.

Ẹ wo bọ́tìnnì ara mọ́nítọ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí. Tí mọ́nítọ̀ bá ní ihò VGA àti HDMI (irú ihò àwòrán mìíràn, tó jẹ́ tuntun ju VGA lọ), tó sì ń retí àwòrán láti HDMI, “No Signal” ni yóò máa kọ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Tí ìyẹn náà bá dára tí ojú ṣì dúdú, tí Num Lock sì ń dáhùn, ẹ di bọ́tìnnì Windows, Ctrl àti Shift mú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá tẹ B. Láti Windows 8 síwájú, ó máa ń tún ètò àwòrán gbé dìde. Ẹ lè gbọ́ kí ó dún píì kékeré kan.

Ó kù sí apá kejì: Num Lock kò dáhùn. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lógiri pátápátá. Kì í ṣe kí ẹ pa súwíìṣì. Ẹ yọ ọ́. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan àpótí, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á gbẹ. Iná tó lọ tó bọ̀ bíi ti ọjọ́ Ẹtì yẹn lè gbé bọ́ọ̀dù sí ipò tí kò lè sùn tí kò sì lè jí, èyí nìkan sì ti gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà là lójú mi. Ẹ fi wáyà padà, ẹ tan án.

Tí kò bá jí, RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà, ló kàn. Ẹ tún yọ wáyà iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí níbi tí wọn ò kùn lọ́dà, kí iná tó wà lára yín lè lọ síbẹ̀ dípò kó lọ sínú bọ́ọ̀dù. RAM ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó dúró lóòró, ẹyọ kan tàbí méjì, tó ní etí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ tẹ etí náà sísàlẹ̀, á yọ. Etí pátákó náà nísàlẹ̀ ní àwọn wúrà wẹ́wẹ́ tó tò bí eyín ìyàrun. Tí wọ́n bá ti ṣú tàbí tí eruku àti ọ̀rinrin bá ti bò wọ́n, kọ̀ǹpútà kò ní í rántí ohunkóhun, kò sì ní í jí. Írésà funfun tí àwọn ọmọ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni kí ẹ fi nù ún, ojú méjèèjì, títí yóò fi dán. Ẹ má lo omi, ẹ má lo sáńpépà, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, itọ́ wà nínú afẹ́fẹ́ ẹnu. Ẹ dá a padà kí ibi tó gé díẹ̀ nídìí rẹ̀ bá ojú tirẹ̀ nínú ihò mu, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí tí etí rẹ̀ á fi pa dé fúnra rẹ̀ tó sì dún kẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ dópin. Bí ọmọ aládùúgbò yín bá yọ RAM nígbà tó ń fẹ́ eruku, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ni kò dún kẹ́.

Tí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, ẹ tan án. Tí kò bá jí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èkejì. Ọ̀kan lè bàjẹ́ kí ó sì máa dí èkejì lọ́wọ́.

Bátìrì róbótó kan wà lórí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, volt 3. Nínú tokunbo, ó lè ti pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí wáyà iná ṣì wà níta, kí ètò ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà lè padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ fi tuntun dípò. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù aago náà ń tà á.

Tí gbogbo èyí kò bá gbé e dìde, ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan án: ṣé ó ń dún píì píì? Ẹ ka iye ìgbà. Àwọn mìíràn kì í dún, iná bọ́tìnnì wọn ni á máa ṣẹ́jú láwọ̀ ọsàn, bíi méjì, kó sinmi, kó tún ṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ara àpótí. Ẹnjiníà tó bá mọ iṣẹ́ á fi ìyẹn mọ ibi tí yóò gbà lọ kó tó ṣí i rárá.

Ọ̀nà kan wà tó tún yá ju gbogbo èyí lọ, tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ bá wà ní pálọ̀ yín. Ẹ gbé àpótí lọ síbẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n yìí ní HDMI, àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ sì ní VGA. Tí Windows bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, àpótí yege. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: ọ̀pọ̀ tokunbo tó wá láti ọ́fíìsì òkèèrè kò ní HDMI, VGA àti DisplayPort ni wọ́n ní, ihò DisplayPort sì fara jọ HDMI, àfi pé igun rẹ̀ kan ṣoṣo ló gé. Wáyà wà tí orí rẹ̀ kan jẹ́ DisplayPort tí èkejì jẹ́ HDMI, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ló ń lọ, láti DisplayPort kọ̀ǹpútà sí HDMI tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹ bá yí i padà, kò ní í ṣiṣẹ́.

Ó dá mi lójú pé àwọn mìíràn tí ìṣòro tiwọn yàtọ̀ náà á ka èyí, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn kíá. Tí ojú bá dúdú ṣùgbọ́n tí kò kọ “No Signal”, tí iná mọ́nítọ̀ sì tàn bó ṣe yẹ, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ bí òjìji, iná ẹ̀yìn gíláàsì ló kú. Mọ́nítọ̀ ló jẹ̀bi lọ́tẹ̀ yìí. Tí ìlà bá là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì Menu ara mọ́nítọ̀. Mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ya àtòkọ tó máa jáde yẹn, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ sí i. Tí ìlà bá gba orí rẹ̀ kọjá, gíláàsì ti bàjẹ́, tí kò bá sì kàn án, ẹ lọ wo wáyà àti káàdì. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo wọn lọ, nítorí ó lè ṣeé ṣe nínú ọjà kí ẹ tó sanwó tokunbo. Tí lẹ́tà bá ṣàdédé tóbi, tí ojú èèyàn fẹ̀ bí ẹni tó wú, ẹ wo Device Manager, ibi tí Windows to orúkọ àwọn ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sí: tí ẹ bá bá “Microsoft Basic Display Adapter” níbẹ̀, dráífà káàdì àwòrán (ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) ló sọnù, kò sí ohun tó bàjẹ́. Tó bá kọ “Out of Range”, ẹnì kan ti béèrè ohun tó ju agbára mọ́nítọ̀ lọ. Ẹ gba Safe Mode wọlé, ìyẹn ọ̀nà tí Windows fi ń ṣí pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan, ẹ dín in kù, 60 Hz (kí àwòrán tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sì tó fún ìwé títẹ̀.

Ẹ má ṣí ikùn mọ́nítọ̀ fúnra yín o, ẹ má sì ṣí àpótí irin kékeré tí wáyà iná wọ̀ nínú CPU. Iná ṣì ń gbé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lógiri. Mọ́nítọ̀ oníkùn ayé àtijọ́ burú jù. Iná inú rẹ̀ ń kọjá volt 20,000 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kì í sì í tètè tán.

Ní ti iná, tí wọ́n bá ti mú un lọ, ẹ yọ wáyà lógiri, ẹ jẹ́ kó padà dé kó dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tan ohunkóhun. UPS, àpótí oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpótí àti mọ́nítọ̀ nìkan ni kó sì gbé. Mo ti bá a nílé ẹnì kan tó so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Màmá, Num Lock ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lálẹ́ òní. Tó bá dáhùn, ẹ lọ yá wáyà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí kò bá dáhùn, tí RAM àti bátìrì náà kò sì gbé e dìde, ó di ọ̀dọ̀ ẹnjiníà; àpótí nìkan ni kí ẹ gbé lọ, kí mọ́nítọ̀ dúró lórí tábìlì rẹ̀.